Pátì ọkọ̀ Gearing, ṣé ó lè wọ ọkọ̀ Fletcher?

Adéọkọ̀ kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọgbọ́n yín ni mo wá tọrọ. Ọkọ̀ ogun kan tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni àwa olùyọ̀ǹda ń tọ́jú ní Amẹ́ríkà níbí. Destroyer ni (ọkọ̀ ogun tó ń sáré, tó ń ṣọ́ àwọn ọkọ̀ ńlá), irú Fletcher, ti ayé ogun Hítílà. Àpótí pátì mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ wá lọ́wọ́, ìwé ara wọn sì sọ pé ọkọ̀ irú Gearing ni wọ́n ti tú wọn. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: fáàfù 14 láti yàrá bọ́ílà, géèjì 6, fóònù tí kì í lo iná 4, ẹ̀yìn ìbọn Bofors 40 mm kan, mọ́tò kan tí wọ́n ní ti ìtọ́kọ̀ (pátákó abẹ́ omi tó ń darí ọkọ̀) ni, àti ìdè ilẹ̀kùn aláìgbomi 22.

Èwo nínú wọn ló máa wọ Fletcher? Nọ́ńbà ara àwọn kan jẹ́ dígíìtì 11, àwọn mìíràn ní lẹ́tà láàárín, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń kà wọ́n. Ẹni tó ń bójú tó àkójọ wa tún ti sọ pé pátì kankan kò gbọdọ̀ wọnú ọkọ̀ láìní ìtàn: ọkọ̀ wo ló ti wá, ọdún wo, iṣẹ́ wo ló ṣe níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Tòkunbọ̀Ládípọ̀ kọ:

Ẹ má da ara yín láàmú. Fletcher, Sumner tó tẹ̀ lé e, àti Gearing tó kẹ́yìn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bọ́ílà 4, agbára ẹṣin 60,000, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà. Ohun tó bá ti ara Gearing wá, Fletcher á gbà á. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi òróró sí i, ẹ dè é mọ́ ọkọ̀.

ẸńjíníàOmi kọ:

Ẹ̀gbọ́n Tòkunbọ̀, ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ dára, ibi tí ẹ parí rẹ̀ sí ló kù díẹ̀ káàtó.

Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ wọn sún mọ́ra gan-an. Bọ́ílà Babcock & Wilcox tó ní ojú iná méjì ni, agbára tí ooru omi inú rẹ̀ fi ń tì tó 600 pọ́ùn lórí ínṣì onígun mẹ́rin kan, ó sì ń gbóná dé 850 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Bí wọ́n ṣe to yàrá náà bára mu: yàrá bọ́ílà, yàrá ẹ́ńjìnì, yàrá bọ́ílà, yàrá ẹ́ńjìnì, kí ọta kan ṣoṣo má baà pa gbogbo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, bí ẹnu fáàfù kan, iye bóòtù etí rẹ̀ àti agbára tí wọ́n kọ sára rẹ̀ bá bá ti inú ọkọ̀ yín mu, á wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé mọ́tò yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná. Ìtọ́kọ̀ ẹyọ kan ni Fletcher ní. Méjì ni Sumner àti Gearing ní. Ìdí nìyẹn tí Fletcher kì í fi í tètè yí po bíi tiwọn. Ẹ̀rọ tó ń yí ìtọ́kọ̀ méjì pọ̀ kì í ṣe ti ẹyọ kan, yàrá ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n gbé e sí pàápàá kò rí bákan náà. Sumner gùn bíi Fletcher, ẹsẹ̀ bàtà 376 àti ínṣì 6, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ jù ú lọ. Gearing tún wá fi ẹsẹ̀ bàtà 14 gùn sí i. Bí mọ́tò náà bá tilẹ̀ jọ tiyín lójú, ẹ wọn ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń dè é mọ́lẹ̀, ẹ ka iyára àti irú iná tó wà lára àwo rẹ̀, kí ẹ tó sọ pé ó bá a mu.

Kí ẹ tó fọ ohunkóhun, ẹ gbọ́ èyí. Okùn tí wọ́n wé sí ọrùn fáàfù yàrá bọ́ílà àti gásíkẹ́ẹ̀tì etí rẹ̀ lè jẹ́ asbestos, ohun tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á ní gbígbẹ. Ẹ fi omi tó ní ọṣẹ díẹ̀ rin ín, ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, ẹ fi èyí tó tó èékánná ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò, kí ẹ dúró de èsì. Géèjì mẹ́fà yẹn ńkọ́? Bí nọ́ńbà ojú rẹ̀ bá ní àwọ̀ ìyeyè tó ti pọ́n bíi tábà, ó lè jẹ́ radium, ohun tó ń tú ìtànṣán tó léwu jáde, ni wọ́n fi kùn ún kó lè máa tàn lóru. Ẹ má ṣí gíláàsì rẹ̀ láé. Ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń ka ìtànṣán, kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Tòkunbọ̀Ládípọ̀ kọ:

Mo gbà nípa ìtọ́kọ̀, ẹ ṣeun. Ìbọn ni mo ṣì fẹ́ gbọ́. Ìbọn ínṣì 5 kan náà ni gbogbo wọn gbé.

Àgbá38 kọ:

Ẹnu ìbọn jẹ́ ọ̀kan, ìjókòó rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Ìbọn Mark 12 ni ti gbogbo wọn (Mark ni nọ́ńbà tí ọmọ ogun ojú omi fi ń mọ irú ohun èlò kọ̀ọ̀kan). Ṣùgbọ́n Fletcher gbé márùn-ún ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lórí ìjókòó Mark 30, Sumner àti Gearing gbé ti wọn ní méjì-méjì lórí Mark 38. Ẹ̀rọ tó ń gbé ọta sókè láti ìsàlẹ̀, èyí tó ń gbé àpò ẹ̀tù, ẹ̀rọ tó ń yí ilé ìbọn ká, kò sí èyí tí ẹ lè fi pààrọ̀ ara wọn. Ọta kan wúwo tó kílò 25, ẹ̀tù rẹ̀ wà lọ́tọ̀ nínú agolo tirẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ló sì ń tò wọ́n síwájú ẹ̀rọ tó ń tì wọ́n wọlé. Bí ẹ bá gbé àwo ìgbọ́ta ti onímejì sínú ilé oníkan, ààyè tí ẹni tó ń tò ó máa dúró sí á bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ohun tó wọ gbogbo wọn láìsí àríyànjiyàn ni ilé Mark 37 lókè, tí wọ́n ti ń wo ohun tí ìbọn máa lù, àti kọ̀ǹpútà Mark 1 tó wà nísàlẹ̀, èyí tó ń ṣírò ibi tí ọta máa bá ọkọ̀ òfuurufú. Ìyẹn wà lórí ọkọ̀ ńlá pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré.

Ní ti Bofors yín, Adéọkọ̀, ẹ dúró díẹ̀. Nínú ìbọn 40 mm tí omi ń tù, èyí tí wọ́n dè ní méjì-méjì àti mẹ́rin-mẹ́rin, Mark 1 ni ti ọwọ́ òsì, Mark 2 ni ti ọwọ́ ọ̀tún. Èyí tí afẹ́fẹ́ ń tù, tí ó máa ń dá dúró, tún yàtọ̀. Ẹ nu ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó rin fún epo díẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè, kí òjìji lè bọ́ sínú àmì tí wọ́n tẹ̀ sára irin. Lẹ́tà tí ẹ kò rí ní ìdúró tààrà á yọ síta. Ẹ má fi sáńpépà kàn án o! Àmì yẹn ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Ẹ tún rántí òfin. Ìbọn tí ẹnu rẹ̀ ju ìdajì ínṣì lọ wà lábẹ́ àkóso gidi ní Amẹ́ríkà, àyàfi bí wọ́n bá ti bà á jẹ́ lọ́nà tí òfin fọwọ́ sí. Ẹ béèrè ìwé ìbàjẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, ìwé àṣẹ lọ́tọ̀ ni.

ÌyáÀkójọ kọ:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi á dáhùn ti nọ́ńbà àti ti ìtàn.

Èyí tó ní lẹ́tà láàárín, nọ́ńbà ilé ìkẹ́rù ọmọ ogun ojú omi ti ayé ogun ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, àti ìlà kékeré àárín rẹ̀, torí pé ìwé ìtọ́ka ayé ìgbà yẹn ló máa túmọ̀ rẹ̀. Èyí tó jẹ́ dígíìtì 11 dé lẹ́yìn ogun. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ń sọ irú nǹkan tó jẹ́, méje tó kù ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Láti 1974 ni wọ́n ti sọ ọ́ di 13. Bí ẹ bá fẹ́ fi nọ́ńbà àtijọ́ wá pátì lónìí, ẹ fi 00 sí àárín mẹ́rin àkọ́kọ́ àti méje ìkẹyìn, kí ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ fáàfù ṣì máa jáde.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nìyí: orúkọ irú ọkọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Nọ́ńbà Mark, nọ́ńbà Mod (tó ń sọ àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí Mark náà), àti nọ́ńbà àwòrán tí wọ́n fi rọ ọ́ ni ẹ̀rí. Ọkọ̀ Fletcher 175 ni wọ́n kàn, ní ilé ìkànkọ̀ 11. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní ilé ìdarí tó ga tó sì yípo níwájú, àwọn tó tẹ̀ lé e ní èyí tó lọ sílẹ̀ tí iwájú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní 1945, nítorí àwọn awakọ̀ òfuurufú Japan tó ń fi ara wọn lu ọkọ̀, wọ́n tú ìdì ọ̀pá tọ̀pídò kan kúrò nínú méjì, wọ́n fi ìbọn 40 mm sí ipò rẹ̀ títí ó fi di ẹnu 14. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n tún gba ìbọn ínṣì 5 kan lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n fi ínṣì 3 onímejì rọ́pò. Velos, ọkọ̀ Fletcher tó wà ní Gíríìsì, rí bẹ́ẹ̀: mẹ́rin ni ìbọn ínṣì 5 rẹ̀. Ọkọ̀ kan náà lè gbé ara mẹ́ta wọ̀ láàárín ogún ọdún. Kí ẹ tó béèrè pé pátì yìí ń wọ̀ ọ́, ẹ pinnu oṣù àti ọdún tí ẹ fẹ́ kí ọkọ̀ yín fara hàn. USS Kidd, Fletcher tó jẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Baton Rouge, mú August 1945. Nígbà tí wọ́n ti mú ìyẹn, ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti parí fúnra rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa rí ìtàn ọkọ̀ tí pátì ti wá: ẹ lọ sí ilé àkọsílẹ̀ ìjọba ní College Park ní Maryland, ẹ béèrè ìwé ojoojúmọ́ ọkọ̀ náà. Kò ní sọ orúkọ pátì fún yín, á sọ ọjọ́ tó wọ ilé àtúnṣe àti ọjọ́ tó jáde. Ọjọ́ méjèèjì yẹn ni kí ẹ wá fi wá àwòrán. Láyé ogun, ilé àtúnṣe Mare Island ní California máa ń ya fọ́tò ọkọ̀ kó tó jáde, wọ́n á sì fi ẹfun fa òbìrí yí gbogbo ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ká. Òbìrí kan ṣoṣo níbẹ̀ wúlò ju ojú ìwé mẹ́wàá lọ.

Ọmọ_Èkó_Hamburg kọ:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé wa kún ohun tí Ìyá sọ. NNS Aradu ti Nàìjíríà, tí Blohm+Voss kàn ní Hamburg, tó wọ iṣẹ́ ní 1982, irú MEKO 360 ni. Argentina ra mẹ́rin nínú irú kan náà, wọ́n sì ń pè wọ́n ní destroyer, nígbà tí àwa ń pe tiwa ní frigate. Ẹni tó bá rò pé pátì wọn jẹ́ ọ̀kan á jìnnà sí òótọ́. Ẹ́ńjìnì ìsáré Olympus ni méjèèjì ní. Ṣùgbọ́n fún ìrìn jẹ́jẹ́, ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì MTU ló wà nínú Aradu, Tyne tó jẹ́ ẹ̀rọ gáàsì ló wà nínú ti Argentina. Gíà wọn kò bára mu, páìpù epo àti ìgbéjáde èéfín wọn kò bára mu.

Adéọkọ̀ kọ:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìbéèrè méjì kù. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bí ilẹ̀kùn aláìgbomi ṣì ń ṣiṣẹ́, kí n tó lo ìdè 22 yẹn? A sì rí ibi tí ìpẹtà ti jẹ irin nísàlẹ̀ yàrá bọ́ílà, ó sì jinlẹ̀. Ṣé kí a jó páànù lé e?

AjórinÌbàdàn kọ:

Ẹ jó páànù lé e láti ìta, kí ó kọjá ibi tó ti jẹ ní ìwọ̀n ínṣì mélòó kan ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, kí ẹ jó etí rẹ̀ yípo láìfo ibì kankan. Ó yá, kò wọ́n, omi kò ní wọlé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń gbé e kiri bẹ́ẹ̀.

ẸńjíníàOmi kọ:

Bọ̀dá Ajórin, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè fọwọ́ sí ìyẹn àyàfi bó bá jẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Páànù tí ẹ fi bo ọgbẹ́ kò wo ọgbẹ́ sàn. Omi tó bá há sí àárín méjèèjì á máa jẹ irin tí ẹ kò rí mọ́. Èyí tó burú jù ni pé ìsàlẹ̀ yàrá bọ́ílà lè fara kan táńkì epo. Ògidì epo dúdú tó ti gbẹ mọ́ ògiri fún ọgọ́ta ọdún ṣì ń tú gáàsì sílẹ̀ bí iná bá kàn án. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣí i, ẹ nù ún, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kí ẹni tó ní ìwé àṣẹ wọn gáàsì inú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tan iná. Kí ènìyàn kan dúró lẹ́yìn ògiri kejì pẹ̀lú omi pípaná.

Kí ẹ tó jó ohunkóhun, ẹ wọn sísanra irin náà. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ìró wọn irin wà. Ẹ fa ìlà bí àwọ̀n sára irin náà, ẹ ha ojú kan tó tó kọ́bọ̀ ní gbogbo oríta ìlà, ẹ fi òróró rẹ̀ sí i, ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀ síbẹ̀ gan-an. Ibi tí ìdá kan nínú mẹ́rin irin àkọ́kọ́ bá ti lọ, ẹ gé e kúrò títí dé ibi tí irin ti le, ẹ fi tuntun tó sanra bákan náà sí i, kí igun rẹ̀ yípo dípò kó mú ṣóńṣó, torí pé ibi igun mímú ni irin ti máa ń là. Ó gba pé kí ọkọ̀ wọ ibi tí wọ́n ti ń fa omi gbẹ. Owó ńlá ni, mo mọ̀. Ní April 2022, omi wọ ikùn The Sullivans, ọkọ̀ Fletcher tó jẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Buffalo, títí ó fi jókòó sísàlẹ̀ omi, tó sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Irin ara Fletcher kò nípọn láti ilẹ̀, ìyára ni wọ́n fẹ́.

Ẹ wo ibi tí ojú omi kan ara ọkọ̀ dáadáa. Ọkọ̀ tí kò gbé epo àti ọta mọ́ ń léfòó ga ju bí wọ́n ṣe yà á lọ, nítorí náà ibi tí ìpẹtà ti ń jẹ lónìí kì í ṣe ibi tí ọ̀dà àtijọ́ ti sanra.

AjórinÌbàdàn kọ:

Ó yé mi nípa gáàsì, mo fà á padà. Ṣùgbọ́n bí owó láti gbé ọkọ̀ wọ ibi tí wọ́n ti ń fa omi gbẹ kò bá tíì sí, páànù fún ìgbà díẹ̀ sàn ju kí ihò là lọ. Kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi í sí i, kó má baà di ohun àgbàgbé. Irin ìfirúbọ ara ọkọ̀, èyí tí ìpẹtà máa jẹ dípò ọkọ̀, ńkọ́? Síńkì ni mo mọ̀.

ẸńjíníàOmi kọ:

Nípa ìgbà díẹ̀ àti ọjọ́ kíkọ, a ti pàdé. Síńkì dára nínú òkun. Nínú odò tàbí adágún tí kò níyọ̀, kì í ṣiṣẹ́ tó, ó máa ń bo ara rẹ̀, á kàn wà níbẹ̀. Magnesium ni fún omi aláìníyọ̀.

Àgbá38 kọ:

Ti ilẹ̀kùn. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kun etí irin tó mú bí ọ̀bẹ, èyí tó ń tẹ rọ́bà ilẹ̀kùn. Ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ yí ìdè níwájú-lẹ́yìn, èyí tó wà ní igun kan kí ó tó kan ti igun kejì, kó má baà tẹ̀ sí apá kan. Ẹ ṣí i, ẹ wo rọ́bà. Ìlà ṣọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ yípo láìjá. Ibi tó bá já, ibẹ̀ ni omi máa gbà. Bí rọ́bà náà bá ti ní kòtò tó jìn ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ìdè tuntun kò lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ má sì kun rọ́bà tàbí etí ọ̀bẹ ní ọ̀dà. Mo bẹ̀ yín. Ọ̀dà gbígbẹ ló ń ba ilẹ̀kùn jẹ́ lórí ọkọ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé ju ọjọ́ orí lọ.

Oníwàásù_Ọkọ̀ kọ:

Ẹ wá pátì gidi lára àwọn tó rì. Fletcher 25 ló sọnù nínú ogun, wọ́n wà nísàlẹ̀ òkun níbẹ̀.

ÌyáÀkójọ kọ:

Rárá o, ọmọ mi, ohun méjèèjì tí o sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n pàdánù sínú omi. Mẹ́fà tó sọ ọ́ di 25 bàjẹ́ débi pé kò tó àtúnṣe mọ́, àwọn wọ̀nyẹn kò rì. Òfin 2004 ti Amẹ́ríkà sì ka àwókù ọkọ̀ ogun sí ohun ìní ìjọba títí láé, ibojì ni púpọ̀ nínú wọn. Johnston tó rì nítòsí Samar ní Philippines ní 25 October 1944 wà ní ìjìnlẹ̀ tó ju mítà 6,000 lọ. Spence rì nínú ìjì ní 18 December ọdún kan náà, torí pé epo rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wọn kò sì tètè fi omi òkun kún táńkì. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n.

Ibi tí pátì wà lóòótọ́ ni ibi tí ọkọ̀ ti ṣiṣẹ́ pẹ́. Jámánì yá 6, nígbà tí wọ́n ṣetán, Gíríìsì gba díẹ̀ nínú wọn, wọ́n lo méjì, wọ́n sì mú méjì mìíràn, Zerstörer 4 àti 5, láti tú wọn fún pátì. Brazil gba 7, wọ́n fi orúkọ ìpínlẹ̀ wọn pè wọ́n: Pará, Pernambuco, Maranhão àti àwọn yòókù. Mexico ló lo èyí tó kẹ́yìn, Cuitláhuac, títí di 2001. Pátì tó bá ti orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ wá lè ní àwo èdè Gíríìkì tàbí Potogí tí wọ́n dè lé ti àtijọ́ lórí. Ẹ má yọ ọ́ dànù, ìtàn náà ni. Ẹ ya àwòrán méjèèjì.

Adéọkọ̀ kọ:

Ẹ kú àdúrótì. A ti ṣe bí ẹ ṣe wí. Fáàfù 9 bá ẹnu páìpù wa mu, 5 kò bá a mu. Fóònù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́, a sọ̀rọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn ọkọ̀ láìsí iná. Géèjì kan ni ẹ̀rọ ìtànṣán ké sí, a ti dì í. Nínú ilẹ̀kùn 8 tí a fi ṣọ́ọ̀kì yẹ̀ wò, ìlà já lára 3, gbogbo rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsopọ̀, níbi tí ọ̀dà funfun ti dì mọ́ rọ́bà. Ní ti Bofors, tọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ yẹn ṣiṣẹ́: Mark 2 ló yọ. Ti òsì ló sì sọnù lára tiwa.

Àgbá38 kọ:

Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń tọ́jú ọkọ̀ tó ní Bofors onímejì, ẹ béèrè bóyá ti ọ̀tún ló sọnù lára tiwọn, kí ẹ fi í ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹ ya fọ́tò àmì náà pẹ̀lú ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi ìwé ìbàjẹ́ àti orúkọ Gearing tó ti wá sínú àpótí kan náà. Kí ẹ tó dì í, ẹ kùn ún ní gíríìsì, ẹ fi bébà tó ní òróró wé e. Ọ̀rá nìkan á mú un làágùn, á sì dógùn-ún kó tó débẹ̀.